Ààfin Ayédèrú ní Changchun: mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè rí tiẹ̀ mú lọ. Ààfin yẹn, tó ti di mùsíọ̀mù báyìí, 5 nínú 5. Gáìdì tí a sanwó fún pé kó mú wa yí ibẹ̀ ká, 1 nínú 5, 1 yẹn náà torí pé ó tètè dé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba àwọn ọba ṣe parí ní Ṣáínà, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ò sì ju ibì kan ṣoṣo lọ, kó fi Beijing sílẹ̀ ná kó wá sí Changchun níbí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣebí Beijing ni ààfin gidi wà, òótọ́ ni, ààfin gidi wà ní Beijing, ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ẹ fara balẹ̀ ẹ ó rí ohun tí mo ń wí.

Changchun ni mo ti ń kàwé, ọdún kẹta mi rèé. Ìlú òtútù ni, ní ìpínlẹ̀ Jilin, lápá àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń rí orúkọ ibùdó kan lórí réluwé Line 4, Wei Huanggong. Huanggong ni ààfin ọba, ìyẹn yé mi. Wei yẹn ni kò yé mi títí olùkọ́ èdè wa fi là á fún mi pé ayédèrú ni, nǹkan tí kì í ṣe ojúlówó, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún owó ayédèrú. Ẹnu yà mí. Ìlú wo ni wọ́n ti ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ibùdókọ̀ pé ààfin ayédèrú ló wà níbí? Àwọn ará ibí ò fi bò rárá. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìjọba Manchukuo tí àwọn Jàpáànì gbé kalẹ̀ níbí láti 1932 sí 1945, wei ni wọ́n ń fi síwájú ẹ̀, ìjọba ayédèrú, mínísítà ayédèrú, ọba ayédèrú. Ọba ọ̀hún sì rèé o, ojúlówó ọba ni tẹ́lẹ̀, òun ni Puyi, ẹni tó jẹ gbẹ̀yìn nínú gbogbo ọba Ṣáínà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n lọ. Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wa wá ra ọjà ní Guangzhou lóṣù Kẹta, wọ́n ní àwọn ò ní padà délé kí Màmá bi àwọn pé báwo ni mo ṣe rí kí àwọn máa wojú ara àwọn, ni wọ́n bá wọ bàálù wá sọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀. Ṣáínísì tèmi dáa tó láti fi kàwé, ṣùgbọ́n kéèyàn máa túmọ̀ lórí ìdúró, nǹkan míì nìyẹn, mo bá wá gáìdì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí áàpù kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn máa fi mú wa yí ká.

Wákàtí kan àti díẹ̀ la lò. Gáìdì ń sáré níwájú, a ń sáré tẹ̀lé e, tó bá dé ibi tí nǹkan gidi wà á ní ẹ ya fótò, ẹ ya fótò, kí a tó ya fótò ó ti wà nínú yàrá kejì. Ó dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì Puyi, ó ní ibí yìí ni ọba kú sí. Irọ́ ni! Beijing ni Puyi kú sí lọ́dún 1967, nígbà tó ti di aráàlú lásán. Bọ̀ọ̀dá mi ti ń mi orí, ó ti gbà á gbọ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí èèyàn tó fowó ẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́, irọ́ ni wọ́n dì fún un lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló kó wa sọ́kọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ginseng, egbò tí Jilin lókìkí ẹ̀, wọ́n mú wa jókòó síbẹ̀ bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, wọ́n ń po tíì fún wa wọ́n ń pe iye owó. A ò rà. Ojú gáìdì yí padà, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó wa ní, "Akọ̀wé mi, ọba yẹn, kí ló wá ṣe é gan-an? Ẹni yẹn ò sọ nǹkan kan fún wa. Ṣé ẹ̀yin ò lè kà á fún wa ni?" Ó wọ̀ mí lára. Ilẹ̀ mọ́, a tún gba ibẹ̀ lọ, a tún san owó tuntun, 70 yuan lórí èèyàn kan, a ò wá gáìdì kankan mọ́, èmi ni mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún wọn ní Yorùbá. Wákàtí márùn-ún la lò níbẹ̀, a ò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò fún wọn lẹ́nu ọ̀nà nìyí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ilé tí a fẹ́ wọ̀. Ọdún 221 ṣáájú ìbí Jésù ni Qin Shi Huang kó gbogbo Ṣáínà sábẹ́ adé kan. Láti ìgbà yẹn, ó lé ní ẹgbàá ọdún, ìdílé kan á jọba á bàjẹ́, ìdílé míì á jà á gbà, ṣùgbọ́n ọba ṣáà ń bẹ. Àwọn tó jẹ gbẹ̀yìn ni ìdílé Qing, àwọn Manchu tó ti apá ibí yìí gan-an wá, wọ́n wọ Beijing ní 1644, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin Ṣáínà fá iwájú orí kí wọ́n sì di irun ẹ̀yìn ní gígùn bí ìrù, ẹni tó bá kọ̀ orí ẹ̀ á lọ sí i. Wọ́n lágbára fún ìgbà pípẹ́. Àfi ìgbà tí ogun ọ́píọ̀mù, oògùn olóró tí wọ́n ń fà bíi sìgá, pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1839, lẹ́yìn ìyẹn ogun Taiping láàárín ìlú, 1850 sí 1864, ó kéré tán 20 mílíọ̀nù èèyàn ló bá a lọ, àwọn Jàpáànì tún nà wọ́n ní 1895, nígbà tó sì di 1901 àwọn òyìnbó àti Jàpáànì ní kí wọ́n san 450 mílíọ̀nù tael fàdákà (tael ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fàdákà) torí ìjà àwọn Boxer, ẹgbẹ́ tó dìde láti lé àwọn òyìnbó jáde. Gbèsè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní 1905 wọ́n tún fagi lé ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn ìjòyè, ìdánwò tí èèyàn ń fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ kàwé fún, tí bàbá ẹ̀ kà fún, tí bàbá bàbá ẹ̀ kà fún. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni okùn ti já, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ò rí ìdí tí wọ́n á fi máa dúró ti ààfin mọ́.

Rélùwéè ló wá dáná sí i. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Sichuan ti dáwó jọ láti fi la rélùwéè tiwọn, ìjọba ọba gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1911 kí wọ́n lè fi yáwó lọ́wọ́ báńkì òyìnbó, ìlú bá gbaná, wọ́n bá kó lára àwọn sójà ìpínlẹ̀ Hubei lọ sí Sichuan láti lọ pa iná yẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, bọ́ǹbù kan tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń ṣe ní Hankou, ní Hubei kan náà, bú gbàmù láìròtẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá wọlé, wọ́n rí ìwé tí orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ wà. Àwọn sójà tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ mọ̀ pé ikú ti dé, bí àwọn bá jókòó àwọn á kú, ni wọ́n bá dìde ní Wuchang, ní Hubei níbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 10. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní gúúsù ti já kúrò lábẹ́ ọba. Sun Yat-sen tó ti ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò tiẹ̀ sí nílé, Amẹ́ríkà ló wà, ó padà wálé wá di Ààrẹ fìdíhẹ ní Nanjing ní ọjọ́ kìíní ọdún 1912. Yuan Shikai tó ní ọmọ ogun lọ́wọ́ dúró sáàárín, ó ń bá ààfin sọ̀rọ̀ ó ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fún òun nípò Ààrẹ lòun máa ṣe tiẹ̀. Wọ́n fún un.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1912, Longyu, olorì opó tó ń ṣe ìyá fún ọba, fọwọ́ sí ìwé pé ìdílé àwọn ti sọ adé kalẹ̀. Puyi tó ni adé, ọjọ́ márùn-ún péré ló fi lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé e gorí ìtẹ́ lóṣù Kejìlá 1908, ó ń ké lórí ìtẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ adelé di ọwọ́ mú un ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé má sunkún mọ́, kò ní pẹ́ parí. Àwọn ìjòyè gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn jẹ́ lẹ́nu lọ́jọ́ oyè. Bọ̀ọ̀dá mi dúró nígbà tí mo sọ ìyẹn, ó ní, "Ẹnu bàbá ọmọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí gáìdì ì bá ṣàlàyé fún wa rèé, tó bá bìkítà: wọn ò lé ọmọ náà jáde. Wọ́n ní kó máa jẹ́ oyè ẹ̀ lọ, kó máa gbé ààfin Beijing, kí ìjọba tuntun máa fún un ní mílíọ̀nù 4 tael lọ́dọọdún. Ọdún méjìlá ló fi gbé inú ògiri yẹn pẹ̀lú àwọn ìwẹ̀fà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un, nígbà tó jẹ́ pé níta ògiri, orílẹ̀-èdè olómìnira ni. Ní 1917 ọ̀gágun kan, Zhang Xun, dá a padà sórí ìtẹ́ fún ọjọ́ méjìlá, wọ́n fi bàálù ju bọ́ǹbù sí ààfin, ó tún parí. Yuan Shikai náà ti gbìyànjú láti fi ara ẹ̀ jọba ṣáájú ìyẹn, ọjọ́ 83 ló lò, gbogbo ìlú kọ̀ ọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1924 ni àwọn sójà ọ̀gágun míì, Feng Yuxiang, wọlé wá fún Puyi ní wákàtí mẹ́ta péré kó kó ẹrù ẹ̀. Ọmọ ọdún 18. Ó sá sábẹ́ àwọn Jàpáànì ní Tianjin, àwọn ló sì gbé e wá síbí lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ogun gba apá ibí yìí ní 1931. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí ìjọba, wọ́n wá fi jọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1934.

Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ohun tó máa kọ́kọ́ lu èèyàn ni bí ibẹ̀ ṣe kéré tó. Ẹni tó bá ti rí ààfin Beijing, níbi tí ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan wà, máa rò pé òun ṣìnà. Ọ́fíìsì àwọn tó ń gba owó orí iyọ̀ ni ilé yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣáà kùn ún, wọ́n gbé ọba síbẹ̀. Ìlú ńlá ni àwọn Jàpáànì kọ́ yí i ká, wọ́n sọ Changchun ní Xinjing, Olú-ìlú Tuntun, àwọn ilé mínísítà wọn ṣì wà lójú títì títí dòní, wọ́n tóbi ju ààfin yìí lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní ojú á ti mọ ẹni tó ń ṣe ìjọba.

Qinmin Lou ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé alájà méjì tó yí àgbàlá kékeré ká. Puyi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó fà á yọ nínú àṣẹ àwọn baba ńlá rẹ̀ pé kí ọba tẹra mọ́ṣẹ́ kó sì fẹ́ràn ará ìlú. Lókè ni yàrá ìtẹ́ wà. Ibẹ̀ ni gáìdì wa ti ní ẹ ya fótò. Ohun tí a kà nígbà tí a padà wá ni pé lọ́jọ́ tó jọba, Puyi fẹ́ wọ agbádá dragoni àwọn baba rẹ̀, àwọn ọ̀gágun Jàpáànì ní rárá o, ọba Manchukuo lo fẹ́ jẹ, kì í ṣe ọba Qing, aṣọ sójà ni wàá wọ̀. Wọ́n bá pín in sí méjì, láàárọ̀ ó wọ agbádá lọ rúbọ sí ọ̀run níta ìlú, ó padà dé ó bọ́ ọ, ó wọ aṣọ sójà gorí ìtẹ́. Fótò méjèèjì wà, ẹ wo ojú rẹ̀ nínú ti agbádá kí ẹ tún wo ti kejì. Inú ilé yìí kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 1932, tó fún àwọn sójà Jàpáànì láyè láti jókòó sí gbogbo ilẹ̀ náà. Mínísítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ará Manchukuo, igbákejì rẹ̀ jẹ́ Jàpáànì, igbákejì ló ń ṣiṣẹ́. Ìwé tó bá dé ọ̀dọ̀ ọba ti parí kó tó dé, tiẹ̀ ni kó kọ pé ó dáa.

Jixi Lou, ilé tó ń gbé, ni kí ẹ fi àkókò sí jù. Èmi fúnra mi dúró pẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà sí, torí ẹ̀rù àìsàn ń ba Puyi ní gbogbo ìgbà, ó ń lo oògùn ó ń fún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́. Yàrá tó ti ń gbàdúrà sí Buddha náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìsìn yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò jẹ́ kí wọ́n pa eṣinṣin. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí tó kù. Àwọn ọmọ òrukàn kan wà tí wọ́n kó wá sí ààfin láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, oúnjẹ wọn ò tó, lílù ò tán lára wọn, ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú láti sá lọ, wọ́n mú un, wọ́n nà án dé ojú ikú. Puyi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá. Èmi ti ń káàánú ọkùnrin yìí láti ẹnu ọ̀nà, mi ò kì í ṣe òkúta, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ṣá ni wọ́n gbé gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti ọmọ yẹn tán inú bí mi gidigidi. Kò lè sọ pé rárá sí sójà Jàpáànì kan ṣoṣo, ara àwọn ọmọ tí ò ní bàbá ò ní ìyá ló ti ń fi hàn pé ọba lòun.

Ìyàwó wa ò bá wa kúrò ní apá Wanrong. Òun ni olorì, ọmọ ọlọ́lá, ó kàwé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fẹ́ ẹ ní 1922. Nínú ilé yìí wọ́n fi ère ìda ṣe é níbi tó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń fa ọ́píọ̀mù. Ọ́píọ̀mù yẹn ló jẹ ẹ́ tán. Olorì kékeré, Wenxiu, kọ ọba sílẹ̀ ní Tianjin ní 1931, ó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ó yọ ara ẹ̀, Wanrong ò rí ọ̀nà. Nígbà tí ogun parí ní 1945 Puyi wọ bàálù, ó fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n mú un, ó kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Yanji lóṣù Kẹfà 1946. Wọn ò mọ ibi tí sàréè ẹ̀ wà. Ìyàwó wa fi ìborùn nu ojú, ó ní ṣé kò ní ìyá ni? Mi ò mọ ohun tí mo lè fèsì. Gáìdì ti mú wa kọjá ibẹ̀ lánàá láàárín ìṣẹ́jú méjì!

Tongde Dian ló tóbi jù tó sì dùn ún wò jù, òrùlé ẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò ń tàn, wọ́n parí ẹ̀ ní 1938. Wọ́n kọ́ ọ fún ọba láti máa gbé, kò gbé ibẹ̀ rárá, ó ní àwọn Jàpáànì ti kó ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ògiri. Ẹ wò ó díẹ̀, ẹ máa lọ.

Ibi tó dùn mí jù kò ní ilé lórí mọ́. Lápá kan nínú ọgbà, òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ló kù. Ní 1940 wọ́n gbé Puyi lọ sí Jàpáànì, ó sì gbé òrìṣà wọn bọ̀, Amaterasu, ìyá ńlá àwọn ọba Jàpáànì, wọ́n kọ́ ojúbọ fún un nínú ààfin yìí, Puyi sì ní láti máa lọ foríbalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Manchu ni o, àwọn baba ńlá rẹ̀ ń bọ ọ̀run, wọ́n ń bọ àwọn òkú ọ̀run ilé tiwọn, òun náà wá di ẹni tó fi egúngún ilé bàbá ẹ̀ sílẹ̀, tó ń kúnlẹ̀ síwájú egúngún ilé onílé. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ foríbalẹ̀ fún àwọn baba tòun nílé kí òun tó lọ síbẹ̀. Ní 1945, kí àwọn Jàpáànì tó sá lọ, wọ́n dáná sun ojúbọ náà. Yìnyín ṣì wà láàárín àwọn òkúta nígbà tí a débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ṣí fìlà.

Ẹ má jáde láìwọ ibi tí wọ́n to ìgbésí ayé ẹ̀ sí láti ọba títí dé aráàlú. Àwọn ará Sófíẹ̀tì mú un ní pápákọ̀ òfurufú Shenyang, wọ́n mú un lọ fún ọdún márùn-ún, wọ́n wá dá a padà fún ìjọba Ṣáínà ní 1950, ó di ẹlẹ́wọ̀n ní Fushun, nọ́ńbà ẹ̀ 981. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ìbora, bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, torí láti kékeré kò de okùn bàtà ara ẹ̀ rí. Wọ́n dárí jì í lóṣù Kejìlá 1959. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ewéko ní Beijing, ó ń bomi rin òdòdó, ní 1962 ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan, Li Shuxian. Mo wo fótò rẹ̀ ti àkókò yẹn pẹ́, ó wọ aṣọ bí ti gbogbo èèyàn, ìgò ojú yẹn ṣì wà lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín nínú ìkankan nínú fótò tó ti wà lórí oyè.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ: ẹ gbé pásípọ́ọ̀tù dání, òun ni wọ́n fi ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Wei Huanggong lórí Line 4, ẹ ò nílò takisí. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ kan gbáko. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ wọ ibọ̀sẹ̀ méjì, torí láti ilé kan sí èkejì ìta gbangba ni, òtútù ibí lè lọ sí 20 sísàlẹ̀ òdo. Gáìdì tí wọ́n bá ní owó ẹ̀ pọ́ọ́kú lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan, tó bá ń ṣẹnu méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ Ṣáínísì, kó mú ọ̀rẹ́ tó ń kàwé níbí dání, a pọ̀ níbí, oúnjẹ ọ̀sán tẹ́ ẹ bá rà fún wa ti tó.

Àti aago kan, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gáìdì ò tiẹ̀ na ọwọ́ sí i. Ó wà lórí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Xingyunmen, agogo 9:10 ló dúró sí, kì í yí. Wọ́n ní àkókò tí Puyi gba ibẹ̀ jáde nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1945, nígbà tí àwọn sójà Sófíẹ̀tì ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé, nínú ilé àwọn awakùsà kan ní Dalizigou, ó ka ìwé pé òun ti fi oyè sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láyé ẹ̀. Ọmọ ọdún 39.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí a ń jáde, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú títì nígbà tí Bọ̀ọ̀dá mi ní ká dúró de òun. Ó padà lọ sábẹ́ aago yẹn, ó yọ fóònù, ó yà á. Nínú gbogbo fótò tí a yà níbẹ̀, òun nìkan ló fi ránṣẹ́ sílé.